Ìlà Eérú Tó Wà Láàárín Èmi àti Morẹ́nikẹ́

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má tíì pín ẹrù yín. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti fẹ́ pín tèmi: àbúrò mi kan ti wọ bàtà mi rìn yí ká ilé, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá yóò bá òun mu. Mo ti gba bàtà mi padà. Mo wà láàyè, mo sanra, ata nìkan ló ń mú mi húkọ́ báyìí. Mo ń kọ èyí kí ẹ lè fi àṣìṣe mi ṣe ọgbọ́n, nítorí àìsàn náà fúnra rẹ̀ kò le tó orí kunkun mi.

Akinfọlárìn ni orúkọ mi, ọmọ Erinje ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Lórí pápá, Wáyà ni wọ́n ń pè mí. Bọ́ọ̀lù ni mo fi ń jẹun ní Èkó kí ogun tó dé. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni ẹgbẹ́ wa. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé pé akọ̀wé ni mí, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan kálámù níbẹ̀ rí. Iṣẹ́ mi ni kí n sáré ní apá ọ̀tún, kí n sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ Sátidé. N kò fẹ́ yangàn o, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn gólì tó ń ṣọ́lé nígbà náà léèrè. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ológun kan tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rí mi, ó ní, "Wáyà, ẹni tó lè sáré báyìí, ọta ìbọn kankan kò lè bá a." Irọ́ gbuu ni. Ọta ìbọn mọ eré sá ju èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n dídùn lọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, mo bá fọwọ́ síwèé.

N kò ní sọ̀rọ̀ ogun púpọ̀, nítorí kì í ṣe òun ló fẹ́ pa mí. Òjò pa wá, ẹrẹ̀ mu wá, àwa mẹ́jọ sùn nínú kòtò kan ṣoṣo. Ní ọdún kẹta ni ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi káàárọ̀. Gbígbẹ ni. Ó máa ń gbé mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì lọ. Mo ní òtútù lásán ni. Lẹ́yìn náà ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ mi bí mo bá sùn, nígbà tí àwọn tó kù ń gbọ̀n fún òtútù. Oúnjẹ kò wù mí mọ́. Ṣòkòtò mi ń jábọ́, mo sì fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan tí ìbọn dákẹ́, a gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wa. Ẹnì kan ta bọ́ọ̀lù síwájú mi, irú èyí tí mo máa ń bá kí ó tó fò lẹ́ẹ̀kejì. Mo sáré, àyà mi sì há gádígádí. Bọ́ọ̀lù náà lọ, mo dúró, mo ń wò ó bí àlejò. Ẹnì kan kígbe pé, "Wáyà ti já o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tí wọ́n ń yìnbọn lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ mi. Mo fi bàtà wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ìdí rẹ̀: àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń rí ẹran jẹ ju àwọn sọ́jà yòókù lọ, n kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára wọn. Bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́rùn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro ti ẹran.

Ogun parí, wọ́n dá mi sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, mo wọ bọ́lẹkájà wá sí Òkìtìpupa. Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó mi, dúró dè mí ní gáréèjì, ó gbé ọmọ kan tí n kò rí rí dání. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wá sílé nígbà ogun, ìgbà náà ló lóyún Morẹ́nikẹ́. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni. Iwájú orí rẹ̀ yọ síta bíi tèmi gẹ́lẹ́, kò ṣeé sẹ́. Bọ́sẹ̀dé nà án sí mi, ó ní, "Bàbá Rẹ́nikẹ́, ẹ gba ẹrù yín." Mo na ọwọ́. Ikọ́ bá gbé mi. Mo tẹ orí ba, mo di ẹnu mú pẹ̀lú aṣọ ìnujú, nígbà tí mo sì dìde, Bọ́sẹ̀dé ń wo ohun tó wà lára aṣọ náà. Ó kàn fa ọmọ náà padà mọ́ àyà rẹ̀, ó sì ní kí á máa lọ sílé.

Háà, ẹ wá wo ilé ní Erinje! Kí n tó tú okùn bàtà mi, àwọn dókítà tí kò lọ sí ilé-ìwé ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Ìkọ̀yà nítorí ìlú Ìkọ̀yà ló ti ń ṣe epo, ló kọ́kọ́ dé. Ó ní àwọn gólì tí mo ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé wọn ní Èkó ló ránṣẹ́ sí mi láyà. Ó gbé agbo dúdú kan wá, ìgò ńlá kan, ó korò débi pé ojú mi lọ́ kí n tó fẹnu kàn án. Ó tún ní kí n máa mu epo pupa ṣíbí mẹ́ta láràárọ̀. Ìyá mi, tí àwa ń pè ní Ìyé, ń lọ sí ìjọ Aládùúrà. Òun ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí n sì máa mu omi àdúrà. Ẹ wo èmi tí n kò lẹ́ran lára mọ́, àwọn ní kí n gbààwẹ̀! N kò fẹ́ mú ẹnikẹ́ni bínú, mo bá ń mu gbogbo rẹ̀ pọ̀, agbo, epo àti omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi ń ké ju àyà mi lọ.

Bọ́sẹ̀dé ló fòpin sí i. Ó wá síwájú gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ dáadáa kí wọ́n má bàa sọ pé ó ya aláìlẹ́kọ̀ọ́, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi kò bá dé ilé-ìwòsàn ní ọ̀la, èmi àti ọmọ mi ń lọ sílé bàbá mi." Bàbá Ìkọ̀yà ní, "Ẹ gbọ́ ọmọdé!" Ní ọjọ́ kejì a lọ.

Ọgọ́rùn-ún èèyàn ti wà lórí ìlà kí a tó dé ilé-ìwòsàn ní Òkìtìpupa. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti ìdájí títí oòrùn fi dé àárín orí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ àǹfààní kan ṣoṣo tí ikọ́ ife ní fún yín: bí mo bá ti húkọ́ báyìí, àwọn èèyàn á sún. Kó tó di ọ̀sán, odindi bẹ́ǹṣì kan ti di tèmi. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi sínú ìgò kékeré, wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò àyà ní ìlú ńlá. Owó ọkọ̀ àti owó fọ́tò yẹn jẹ púpọ̀ nínú owó tí ìjọba fi dá mi sílẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà pè mí wọlé, ọmọ Èkìtì ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ó ní, "Ikọ́ ife ni. Ó ṣeé wò. Abẹ́rẹ́ àti oògùn, ọdún kan ààbọ̀."

Mo ní, "Dókítà, ìgbà wo ni mo lè gbá bọ́ọ̀lù?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o bímọ?"

Mo ní ẹyọ kan, oṣù mẹ́fà.

"Fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Má gbé ọmọ yẹn. Má sùn níbi tó ń sùn, má fi ẹnu kàn án. Ó dìgbà tí a bá yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a kò rí nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ohun tó kù tó sọ, n kò gbọ́. Mo ti la ogun já nítorí àtirí ọmọ tí wọ́n kọ lẹ́tà rẹ̀ sí mi. Ẹnì kan wá ń sọ pé èmi gan-an ni ewu rẹ̀. Mo sunkún lójú ọ̀nà Erinje, ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Lójoojúmọ́, mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkìtìpupa. Ìyá Nọ́ọ̀sì tó ń gún mi, ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Sọ́jà, yí ìdí rẹ síbí. Àná a gún apá ọ̀tún, òní apá òsì ni, kí wọ́n má bàa jowú ara wọn." Bí mo bá ké pé ó dùn mí, á ní, "Ìwọ tí o lọ sójú ogun?" Mo ń sùn nínú yàrá ẹ̀yìn, mo ní àwo tèmi, mo ní kọ́ọ̀pù tèmi. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ikọ́ náà sì lọ. Mo ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti ilẹ̀ wa, àwo méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́líìtì mi ń padà sí ihò rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n dín abẹ́rẹ́ kù sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan, pẹ̀lú oògùn oníhóró láràárọ̀.

Níbí gan-an ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ o. Ní Sátidé kan, Erinje àti Ìkọ̀yà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní mo kàn fẹ́ lọ wòran. Ìwòran wo? Nígbà tó di ìlàjì eré, mo ti bọ́ aṣọ. Mo gbá ẹyọ kan wọlé, pápá sì dà rú. Bàbá Ìkọ̀yà ń lọgun létí pápá pé, "Agbo mi náà lo mu tó o fi ń gbá bọ́ọ̀lù sí wa nílé!" Ìyé ń jó ní tirẹ̀, ó ní omi àdúrà ni. Èmi ní tèmi gbà pé ẹni tó bá lè sáré bẹ́ẹ̀, àìsàn ti fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ìyé pa ewúrẹ́ kan fún ìdúpẹ́. Wọ́n wọ̀ mí ní sùtánà funfun, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí. Mo ní Olúwa ti wò mí sàn, pátápátá, porogodo, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n ké halelúyà títí. Ìyé gba Morẹ́nikẹ́ lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀dé, ó gbé e lé mi lápá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ọmọ mi nìyẹn. Ó fa imú mi. Ta ni ì bá sọ pé kí n sọ ọ́ kalẹ̀?

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gun kẹ̀kẹ́, mo forí lé Òkìtìpupa. Mo pàdé obìnrin mẹ́ta láti ìjọ wa lójú ọ̀nà. "Ẹni Ọlọ́run wò sàn! Ibo la ń lọ láàárọ̀ yìí?" Ẹni tó jẹ́rìí ní ọjọ́ Ìsinmi pé òun ti sàn porogodo, báwo ni yóò ṣe sọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé abẹ́rẹ́ ni òun ń lọ gbà? Ṣé Ọlọ́run ló purọ́ ni, àbí èmi? Wọ́n á ní ewúrẹ́ Ìyé kú lásán. Mo ní, "Ọjà ni." Mo yí kẹ̀kẹ́ padà níwájú díẹ̀, mo gba ọ̀nà oko lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Oògùn oníhóró, mo ń dà á sínú ṣáláńgá. Bí Bọ́sẹ̀dé bá béèrè, mo ní mo ti lò ó.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi gbé ọmọ náà bó ṣe wù mí. Mo ń jù ú sókè, mo ń hán an. Mo ń gbé e léjìká lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ẹyìn. Ikọ́ náà padà wá jẹ́jẹ́, mo sì ní eruku ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wà léjìká mi ní iwájú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà láyà mi, ikọ́ bá gbé mi, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde. Ó dà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

Bọ́sẹ̀dé jáde sí wa. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó wò mí. "Bàbá Rẹ́nikẹ́, ìgbà wo lẹ gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?" N kò lè purọ́ mọ́. Mo rò pé yóò pariwo, ì bá sì sàn bó bá pariwo. Ó wẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó pọ̀n ọ́n, ó mú ọ̀nà Òkìtìpupa pọ̀n, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Èmi ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ìtìjú ò jẹ́ kí n gùn ún. Gbogbo ọ̀nà yẹn, kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Nọ́ọ̀sì rí mi, ó kàn ní, "Sọ́jà, o sá lójú ogun." Dókítà yẹ ọmọ náà wò tọkàntọkàn. Kò húkọ́, ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n ó ní kòkòrò náà lè ti wọ inú rẹ̀, kó fara pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n kọ oògùn fún òun náà. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ń lo oògùn oṣù púpọ̀ nítorí ojú mi tí kò fẹ́ tì! Èmi ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí èèyàn bá sá fún a máa le láti fi bá àrùn jà lẹ́ẹ̀kejì, kò sì dá mi lójú pé n óò yè.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ń yọ́ lọ gba abẹ́rẹ́, n óò tún sá lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo tún dìde ní ìjọ. Mo ní, "Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí, mo wá kó o kúrò nílẹ̀. N kò tíì sàn. Mo fi oògùn sílẹ̀ kí ẹ má bàa pè mí ní elékèé, mo sì pọ ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ mi lára." Ìyé bo ojú rẹ̀. Bàbá Alàgbà, tó jẹ́ olórí ìjọ wa, àgbàlagbà tí kì í tètè sọ̀rọ̀, dìde wá bá mi.

Ó ní, "Akin, ta ló rán ọ kí o bá Ọlọ́run sọ pé iṣẹ́ Rẹ̀ ti parí, nígbà tó ṣì ń ṣe é lọ́wọ́? Níbo ni oògùn náà wà?"

Mo ní ó wà nílé.

"Lọ gbé e wá."

Mo sáré lọ gbé e. Ó gbàdúrà sí i, ó sì fà á lé Ìyé lọ́wọ́ lójú gbogbo ìjọ. "Ìyá Akin, láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, ẹ̀yin ni kí ẹ fún un. Kó gbé e mì lójú yín." Ó yẹ kí ẹ rí Ìyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn! Ọ̀gá ológun kan kò le tó o. "La ẹnu." N óò la ẹnu. "Gbé ahọ́n sókè." N óò gbé e sókè. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí o! Àwọn obìnrin mẹ́ta ọjọ́sí, àwọn ló wá ń bi mí lójú ọ̀nà pé, "Bọ̀dá, ṣé abẹ́rẹ́ ti wọlé?" Bàbá Ìkọ̀yà náà fi agbo sílẹ̀, ó ń fi ẹja ránṣẹ́, ó ní ẹni tó bá máa gba abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ní ìdí tí wọ́n á gún.

Ti ọmọ ló kù. Ó ti ń rìn, ó sì mọ̀ mí, gbogbo ìgbà ló ń sá tọ̀ mí wá. N kò lè máa lé e bí adìẹ. Mo bá bu eérú níbi tí wọ́n ti ń se epo, mo fi fa ìlà gbọọrọ la àárín àgbàlá, bí a ṣe ń fa ìlà pápá. Ẹ̀gbẹ́ kan tèmi, ẹ̀gbẹ́ kejì tirẹ̀. Mo fi ọsàn kan ṣe bọ́ọ̀lù. Mo ń yí i sí i, ó ń fi ẹsẹ̀ ta á padà. Bó bá tẹ ìlà, n óò kígbe pé "Ìlà!", á sì sá sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí òjò bá wọ́ ọ lọ, mo ń tún un fà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa ṣeré, láti ìgbà òjò dé ẹ̀rùn, dé ìgbà òjò mìíràn. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, nǹkan ṣì wà níbẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé, mo sì fa ìlà mi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò sí nǹkan. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ìwé náà gbá mi ní àyà, ó ní, "Sọ́jà, lọ gbé ọmọ rẹ."

N kò mọ bí mo ṣe dé Erinje. Morẹ́nikẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ti lé ní ọmọ ọdún méjì. Mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo gba orí ìlà kọjá, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó figbe ta. "Ìlà! Bàbá, ìlà!" Ó sá lọ bá ìyá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń na ìka sí eérú náà. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá eérú náà kúrò níṣojú rẹ̀. Kò gbà. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á ní kí n padà sí àyè mi. Ìyé ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú Bọ́sẹ̀dé. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní òfin, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ní kí wọ́n má fi ipá mú un.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo jókòó lórí àpótí, mo ń jẹ púpurú. Ó rìn wá láti ẹ̀yìn, ó gun itan mi, ó sì ti ọwọ́ bọ inú ọbẹ̀ mi. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi jẹ gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀ tán.

Mo lo oògùn mi pé, dé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, lójú Ìyé. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti parí rẹ̀. Wọ́n tún ya fọ́tò àyà mi, àpá ogun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ogun ti tán. Ara Morẹ́nikẹ́ dá ṣáṣá. Ẹ̀dọ̀fóró mi kò gba eré apá ọ̀tún mọ́, nítorí náà gólì ni mo wá ń ṣọ́ fún Erinje, mo sì ti mọ ìdí tí àwọn gólì fi máa ń sọ̀rọ̀ burúkú sí wa. Bàbá Alàgbà ní kí n tún wá jẹ́rìí. Mo sọ fún un pé mo ń kọ ọ́. Ẹ̀yin tí abẹ́rẹ́ ti sú, tí ara yín sì ti fúyẹ́, ẹ tún lọ gba tòní. Bí ẹ bá rí i pé ìwé mi wọ́ níbì kan, ẹ má bínú. Ẹni tó jókòó sórí itan mi yìí ló ń fa kálámù lọ́wọ́ mi.